Àwo Tí Kò Pé Ọjọ́ Mẹ́rìnlá

Bí irọ́ bá wà nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, kí eyín mẹ́ta tó ṣẹ́ kù lẹ́nu mi jábọ́ sínú ife tíì àárọ̀ ọ̀la. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ irú ìbúra yìí lẹ́nu mi rí, tí eyín náà kò sì jábọ́. Ẹ̀rí wo lẹ tún ń wá? Ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí gan-an ni mo ti gbọ́ ọ, nídìí ọpọ́n dráfù, ọkùnrin náà kò sì parọ́ láyé rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ọjọ́-Mẹ́rìnlá ni gbogbo ilé ìwòsàn ojú ń pè é. Ìdáhùn tó máa ń fún àwọn dókítà ló di orúkọ mọ́ ọn lára. Yàrá àyẹ̀wò ló ti ń ṣiṣẹ́, nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, yàrá kan tó ní fèrèsé ẹyọ kan, fíríìjì méjì tó ń kùn bí àgbàlagbà tó ń sùn, àti tábìlì gígùn tí máíkírósíkópù jókòó lé bí ọba kékeré. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mọ ohun tó ń jẹ ojú èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Awọ kan wà níwájú ẹyinjú wa, ó mọ́ gaara bí gíláàsì ojú aago. Ẹ kò rí i rí, torí inú rẹ̀ gan-an lẹ ti ń wòde. Bí àrùn bá kó wọ awọ yẹn, ojú a pọ́n, a máa ro èèyàn bíi pé wọ́n da yanrìn gbígbóná sí i. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú àwọn àrùn náà, oògùn àkánsójú tó wọ́pọ̀ ló ń lé e lọ. Àmọ́ àwọn kan wà tí wọn kì í wọ́pọ̀, bóyá ẹyọ kan tàbí méjì lọ́dún, àwọn yẹn ló máa ń fọ́ ojú kí dókítà tó mọ orúkọ wọn. Ìkà jù lọ nínú wọn ni kòkòrò omi kan. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹ̀rún wọn lè sùn sórí abẹ́rẹ́ olórí kí ààyè ṣì kù fún àlejò. Inú omi ẹ̀rọ ló ń gbé, inú táǹkì, inú adágún, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà, àfi bó bá rí ọ̀nà dé ojú. Bí oògùn bá lé e le, a kọ́ ilé yí ara rẹ̀ ká bí ìgbín tó wọ karawun, a sùn síbẹ̀, a máa dúró de ìgbà tí ọwọ́ oògùn bá rọ̀.

Bí dókítà bá fura sí i, a fi abẹ ha ìwọ̀nba díẹ̀ lára awọ náà, a fi ránṣẹ́ sísàlẹ̀ sí Ọjọ́-Mẹ́rìnlá. Òun a tẹ́ ẹ sórí àwo pẹlẹbẹ kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, tó ti fi oúnjẹ kòkòrò náà ra lójú fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà téèyàn bá mí sí dígí. A kọ nọ́ńbà aláìsàn àti ọjọ́ sí ìdérí rẹ̀, a gbé e sórí pẹpẹ, a sì máa wò ó láràárọ̀. Kòkòrò yẹn kì í pariwo. Bó bá wà níbẹ̀, ó ń jẹun lọ ni, ipa rẹ̀ a sì hàn lójú àwo bí ipa ìgbín lára ògiri. Nígbà mìíràn ipa á hàn lọ́jọ́ kejì. Nígbà mìíràn ó di ọjọ́ kejìlá. Nítorí náà òfin yàrá yẹn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ “kò sí nǹkan níbẹ̀” sórí ìwé èsì kí àwo tó pé ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Àwọn dókítà kékeré a máa sọ̀kalẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, aláìsàn mi fẹ́ rìnrìn àjò.”

“Kó lọ, kó bọ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá.”

“Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré, ẹ bá mi dín in kù.”

“Oyún tí ìyá yín ní tó fi bí yín, ta ló bá a dín in kù?”

Akọ̀wé yàrá náà, obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, a ní, “Ẹ fi Bàbá sílẹ̀ o. Bí ikú bá wá mú wọn lọ́la, wọ́n á ní kó lọ jókòó síta, kó padà wá lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún.” Ọkùnrin náà a rẹ́rìn-ín pẹ̀lú èjìká, láìgbé ojú kúrò lórí awò máíkírósíkópù.

Bọ́tìnnì ló so òun àti ìyàwó rẹ̀ pọ̀. Ọ̀kan já lára aṣọ funfun tó fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan nítòsí ibùdókọ̀. Aránṣọ náà ní kó padà wá ní ọ̀túnla. Ó padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

“Ṣé ẹ kú ni?” aránṣọ bi í.

“Mo fẹ́ kó dá mi lójú pé ó ti ṣe tán ni.”

“Bọ́tìnnì ẹyọ kan! Ṣé ẹyin lẹ rò pé mo ń sàba lé?”

Ọdún yẹn ni wọ́n fẹ́ra. Ìyá Bọ́tìnnì ni àwọn oníbàárà ń pe obìnrin náà, torí kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ gbẹ́ ihò bọ́tìnnì bíi tirẹ̀. Wọ́n ní ó rán ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ kan. Bó bá wù yín, ẹ yọ ogún kúrò níbẹ̀, ó ṣì pọ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà, gíláàsì tó ń lò sì máa ń di funfun nígbàkúùgbà tí ooru áyọ́ọ̀nù bá ta sókè sí i. Ìyẹn ló fi lọ gba irú gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú. Omi inú ìgò tí wọ́n ní kó máa fi fọ̀ ọ́ tán, ó ń sáré lọ síbi iṣẹ́, ó bá ṣí ẹ̀rọ omi, ó ṣan án níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, ó ti di àṣà. Ọkọ rẹ̀ kò mọ̀. Ta ló ń ṣọ́ ìyàwó ẹ̀ nídìí bésìnnì?

Nígbà tí ojú ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, wọ́n rò pé ìdọ̀tí lásán ni. Ó di ọjọ́ kẹta, ojú pọ́n. Ó di ọ̀sẹ̀ kan, kò lè wo fèrèsé. Ọkọ mú un gòkè lọ bá dókítà àgbà, obìnrin kan tó lọ́wọ́ tútù tí kì í sọ ọ̀rọ̀ méjì níbi tí ọ̀kan bá ti tó.

“Omi wo lẹ fi ń fọ gíláàsì yín, mà?”

“Omi ẹ̀rọ ni, dókítà. Ṣé omi náà ti di májèlé ni?”

Dókítà wo ọkọ, ọkọ wo ilẹ̀.

Dókítà là á fún wọn pé ọ̀nà méjì ló wà. Ó lè jẹ́ kòkòrò omi. Ó sì lè jẹ́ pé ara ojú fúnra rẹ̀ ló ń bínú sí àìsàn àtijọ́ kan. Bó bá jẹ́ ìbínú ni, oògùn kan wà tó ń pẹ̀tù sí ojú, ìrora á lọ láàárín ọjọ́ méjì. Bó bá wá jẹ́ kòkòrò ni, oògùn apẹ̀tù yẹn gan-an ni yóò ṣílẹ̀kùn ilé fún un, ojú á sì lọ. “Àwo ni yóò sọ fún wa,” ni dókítà wí. Ó ha awọ náà, ó kọ oògùn ìrora díẹ̀, wọ́n lọ sílé lọ dúró.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tó bá ní ìdúró kò nira, kò tíì dúró rí. Ọjọ́-Mẹ́rìnlá ń dé ibi iṣẹ́ láràárọ̀ kí ọmọọ̀dọ̀ tó ń ṣílẹ̀kùn tó jí. Àwo ìyàwó rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wò. Ọjọ́ kìíní, ó mọ́. Ọjọ́ kẹrin, ó mọ́. Ọjọ́ kẹjọ, ó mọ́ bí ojú ọ̀run ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nílé, wọ́n ti fa kọ́tìnnì bo fèrèsé yàrá lọ́sàn-án gangan, wọ́n fi ìbora kan lé e lórí. Ìyá Bọ́tìnnì jókòó sórí ilẹ̀, ó ń fi orí kan ògiri jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn yàrá tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, ó di aṣọ ọkọ rẹ̀ mú.

“Ọkọ mi, kí ni àwo yẹn wí?”

“Kò tíì wí nǹkan kan.”

“Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.”

Ìyẹn nìkan ló sọ. Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn. Ọkùnrin náà rìn dé ibi iṣẹ́, kò mọ ọ̀nà tó gbà. Ó gbé àwo sábẹ́ awò. Ó wò ó láti etí dé etí, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mọ́. Ó rò ó nínú ọkàn rẹ̀ pé nínú gbogbo ọdún tóun ti fi ṣe iṣẹ́ yìí, èyí tó fara hàn lẹ́yìn ọjọ́ kẹsàn-án kò pé mẹ́ta. Ó mú bíró. Ó kọ ọ́: Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó buwọ́ lù ú, ó sì fúnra rẹ̀ gbé e gòkè.

Dókítà gba ìwé náà. “Ó ti pé kẹ̀, Bàbá? Ọjọ́ mà ń sáré o.”

“Ó ti pé,” ni Ọjọ́-Mẹ́rìnlá wí.

Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, dókítà ì bá wo kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń ka ọjọ́ tẹ̀lé ọkùnrin yẹn?

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kán oògùn apẹ̀tù. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, torí ibí yìí ló máa ń dùn mí jù tí mo bá ń sọ ọ́: ojú náà san. Lọ́jọ́ kejì, ìrora ti rọlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, pípọ́n ti ń lọ, wọ́n ká ìbora kúrò lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ kẹrin, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó gé aṣọ, ó bá àwọn oníbàárà jà lórí ọ̀pá aṣọ tó pẹ́, ó dé ilé pẹ̀lú fọ́nrán òwú lára irun. Ó gbé ojú ọ̀tún náà sún mọ́ ojú ọkọ rẹ̀.

“Ẹ wò ó! Mo ń rí hóró ewú tó wà nímú yín. Ta ló ní kí ẹ má máa gé e?”

“Àgbà ló ń hùwú.”

“Nímú? Àgbà tó gba ti imú hùwú, olórí ẹbí wo nìyẹn?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú àwọn méjèèjì. Ọjọ́-Mẹ́rìnlá sọ fún mi pé láti ìgbà tóun ti gbéyàwó, kò sí ọjọ́ márùn-ún tó dùn tó yẹn. Mo gbàgbé pé èmi ló kàn láti gbé ọmọ dráfù.

Kò sọ àwo náà nù. Kò sì wò ó mọ́. Ó tì í sẹ́yìn àwọn yòókù lórí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ kan fún ọgbọ̀n ọdún kì í béèrè lọ́wọ́ olówó rẹ̀ mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá, bó ṣe ń palẹ̀ pẹpẹ mọ́, tó ń mú àwọn àwo tó ti pé lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó dà wọ́n nù, ọwọ́ rẹ̀ mú ọ̀kan, ó gbé e sábẹ́ awò, ó sì ti tẹjú mọ́ ọn kó tó rántí pé èyí tóun kò fẹ́ wò ni.

Ipa wà níbẹ̀. Tín-ín-rín. Ó gba ojú àwo kọjá, ó yí, ó padà, òmíràn tún yà lára rẹ̀.

Ó yí ìdérí padà, ó ka nọ́ńbà. Ó tún un kà. Ó gbàdúrà pé kó jẹ́ ojú ẹlòmíràn, ojú sì tì í nítorí àdúrà yẹn. Ìgbà kẹta tó kà á, nọ́ńbà kò yí padà.

“Bàbá, kí ló dé?” akọ̀wé bi í. “Ara yín kò lélẹ̀.”

Ọkùnrin náà gun àtẹ̀gùn lọ sókè pẹ̀lú àwo lọ́wọ́ méjèèjì, bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Dókítà wà pẹ̀lú aláìsàn. Ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

“Ó wà níbẹ̀,” ló wí.

Dókítà wo àwo, ó wo ọjọ́ tó wà lára ìdérí.

“Bàbá, ẹ sọ fún mi pé ó ti pé.”

“Mo parọ́.”

“Ẹ̀yin?”

Dókítà dìde, ó ní kí wọ́n lọ pe Ìyá Bọ́tìnnì wá láti ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n da ìgò oògùn apẹ̀tù nù.

Oògùn apakòkòrò kò sí lórí igbá, inú ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń pò ó, ìgò méjì, inú fíríìjì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kán an, tọ̀sán-tòru fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ní gbogbo wákàtí ojúmọmọ, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọkọ ló ń kán an. Ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó fi aago ìdáná sínú àpò bùbá, bó bá ti dún, ó ti dìde. Oògùn náà ń ta bí iná. Obìnrin náà a di apá rẹ̀ mú kí wọ́n tó kán an, a sì tọrọ gáfárà lẹ́yìn tó bá ti fi èékánná ha á.

“Ẹ má bá ara yín jà,” obìnrin náà wí fún un ní ọ̀sán ọjọ́ kan. “Àwo ló parọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi yín.”

Ọkùnrin náà dé ìgò, ó gbé e padà sínú fíríìjì, ó dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀kùn fíríìjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún pé kí wọ́n ti òun.

Òrùka funfun kan yọ láàárín ojú náà, ó ń nípọn sí i. Kòkòrò ti rí ọjọ́ márùn-ún fi jẹun láìsí ẹni tó yọ ọ́ lẹ́nu, ó ti kọ́lé sí ìjìnlẹ̀ tí oògùn kò dé. Ní oṣù kẹfà, wọ́n gé awọ tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n rán awọ ẹni kan tó ti kú mọ́ ọn. Ìyá Bọ́tìnnì bi dókítà nípa bí òwú rẹ̀ ṣe rí. Wọ́n ní ó tín-ín-rín ju irun lọ, ojú rírán mẹ́rìndínlógún. Ó ní, “Ẹ rán an dáadáa fún mi o. Èmi náà mọ iṣẹ́ burúkú tí mo bá rí i.” Awọ tuntun náà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó rí fèrèsé, ó rí ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìgbín tó sùn sí etí ojú jí. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan tí dókítà lè ṣe mọ́. Ojú ọ̀tún kò rí ju ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn lọ títí di òní.

Ọjọ́ tí wọ́n sọ ìyẹn fún wọn, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì délé. Nígbà tí wọ́n jókòó tán sí pálọ̀, ọkùnrin náà sọ ọ́. Ó sọ ti ọjọ́ kẹsàn-án, ti bíró, ti “ó ti pé”. Kò fi “nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ” sí i. Ó ní òun rò ó, ó dà bí ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀bùn ra ìdáríjì.

Ìyá Bọ́tìnnì gbọ́ ọ tán. Ó ká gèlè rẹ̀ sórí itan, ó tún un ká.

“Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́rìnlá,” ló wí.

Láti ọjọ́ yẹn, “ẹ káàárọ̀” àti “oúnjẹ wà lórí tábìlì” nìkan ló ń bá a sọ. Ọkọ lọ síbi iṣẹ́, ó bọ̀. Kò bẹ̀ ẹ́. Kò rán ẹbí sí i. Akọ̀wé kò dá àpárá ikú mọ́. Ìwé tuntun kan ti wà lára ògiri pé èèyàn méjì ni yóò máa ka ọjọ́ ara ìdérí kí èsì tó jáde, Ọjọ́-Mẹ́rìnlá fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, tó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ó ń ka ọjọ́ tirẹ̀ bí ẹlẹ́wọ̀n. Ó ní lọ́jọ́ kẹsàn-án, òun rí ìyàwó òun tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ya ẹnu, ó tún pa á dé. Ọjọ́-Mẹ́rìnlá sáré jáde síta kó má bàa wò ó lójú, kó má bàa dà bíi pé òun ń kán an lójú.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Obìnrin náà jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kékeré tó wà nílé, ó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kan, òwú lọ́wọ́ kejì. Ẹni tó bá ń fi ojú kan ṣoṣo ríran kì í mọ ibi tí nǹkan jìnnà dé mọ́. Òwú ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́, ó ń kọjá níwájú rẹ̀. Obìnrin tó ti gbẹ́ ihò bọ́tìnnì fún ìdajì ìlú, ó gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. Ọkọ rẹ̀ kà á láti ẹnu ọ̀nà.

“Ṣé ó pé lónìí?” ó bi í láìyíjú.

“Ó pé.”

“Àràárọ̀ ni mò ń wo ìbínú inú mi.” Ó gbé òwú náà sílẹ̀. “Ó wà níbẹ̀. Mo rò pé á lọ, kò lọ. Ó wà níbẹ̀.”

Ọkùnrin náà mi orí. Ó mọ èsì tó péye nígbà tó bá gbọ́ ọ.

“Ẹ wá bá mi fi òwú sí abẹ́rẹ́ yìí,” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ó wá, ó kúnlẹ̀ sídìí àga. Òun tó ní ojú méjì, òwú tirẹ̀ náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́, obìnrin náà sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, irú èyí tó rín nítorí ewú imú. Ẹ̀ẹ̀kejì ló tó wọlé.

Títí di òní, kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ mẹ́rìnlá, òwú funfun, dúdú, búlúù, a gún wọn sára tìmùtìmù kékeré tó wà nídìí ẹ̀rọ. Lálẹ́, gbogbo rẹ̀ á ti ṣófo.

Eyín mi ń mì díẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ilẹ̀ tó mọ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, títí dé orí aago ìdáná. Ohun kékeré kan péré ni mo fi kún un. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gba abẹ́rẹ́, ó ní ẹ ṣeun, ó sì ń ránṣọ lọ.